Ilé ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn baba wa a máa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé ìrìn àjò a máa la ojú ènìyàn, a sì máa kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí kò sí ní ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe láti dá ọmọdé lẹ́kun òkè òkun ni mo ṣe mú kálámù. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ìwọ òǹkàwé mi, ni pé òwe mìíràn wà tí ó yẹ kí a so mọ́ ti ìṣáájú, òun náà ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá kó ẹ̀ṣọ́ kankan jáde nílé, kí ni yóò fi ṣe ara rẹ̀ lóge nígbà tí ó bá dé òde?

Ọ̀tà ni mo ń gbé, Ọ̀tà Ìganmọdẹ, ìlú àwọn Àwórì, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí o bá ti Èkó bọ̀ ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, ìwọ yóò dé Sango; níbẹ̀ ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti yà sí ọwọ́ òsì rẹ, tí ó gba Ọ̀tà kọjá lọ sí ẹnu ibodè. Ilé iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ ní agbègbè wa yìí: àwọn kan ń rọ irin, àwọn kan ń ṣe ike, àwọn mìíràn ń ṣe oògùn àti oúnjẹ inú páálí. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, bí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ òru ti ń jáde ní ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti òwúrọ̀ ń wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, níbikíbi tí ilẹ̀ gbalasa kan bá ṣẹ́ kù láàrin ògiri ilé iṣẹ́ méjì, àwọn ọmọkùnrin ni yóò kún ibẹ̀, tí wọn yóò máa gbá bọ́ọ̀lù, tí wọn yóò sì fi òkúta méjì ṣe òpó góòlù.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ìlú yìí. Nígbà tí mo bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe bí wọ́n bá dàgbà, púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin a dáhùn pé àwọn fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun. Mo sì máa ń kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ lílọ ni ó ń dùn lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ mímọ̀ ọ́n gbá kò wọ́pọ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó lọ ní tòótọ́, kí a lè jọ wo bí ó ti lọ.

Kí n tó dárúkọ rẹ̀, jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí ó ṣe. Nínú bọ́ọ̀lù, àwọn kan wà ní ẹ̀yìn tí wọ́n ń dáàbò bo ilé, àwọn kan sì wà ní iwájú tí wọ́n ń wá góòlù. Àárín àwọn méjèèjì ni ti ọkùnrin yìí. Ẹni tí ó bá dúró ní àárín pápá ni ó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yìn, òun náà ni ó sì ń gbé e fún àwọn iwájú. Bí àwọn alátakò bá ń bọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ pàdé wọn. Bí àwọn tirẹ̀ bá ń lọ, kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Orúkọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ni àwọn ènìyàn ń ké. Ẹni tí ó sáré sókè sódò kí bọ́ọ̀lù náà tó dé ibẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń rí i. Iṣẹ́ ẹni tí ó lè mú sùúrù ni.

Mutiu Adépọ̀jù ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìbàdàn ni a bí i sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1970. Ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀: ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, ó sì gbá a fún Julius Berger ní Èkó. Ní ọdún 1989, a mú un mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Saudi Arabia. Àwọn àgbàlagbà tí ó gbọ́ ìròyìn ìdíje náà lórí rédíò kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ní ìlú Dammam, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, àwọn ọmọ Soviet Union ti gbá góòlù 4 wọlé wa, a kò sì tíì gbá ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa san mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n sì borí nígbà tí a gbá pẹnáritì. Ilẹ̀ Portugal ni ó wá borí wọn ní àṣekágbá.

Lẹ́yìn ìdíje yìí ni ọ̀nà Spéènì ṣí fún Adépọ̀jù, ó sì lọ sí ọ̀dọ̀ Real Madrid. Dúró díẹ̀ níhìn-ín, ọ̀rẹ́ mi, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ìtàn sí. Wọn a ní, "Ọmọ Ìbàdàn dé Madrid!" wọn a sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kejì ni a fi í sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Castilla. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ gba ife líìgì Spéènì lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, láti 1986 títí dé 1990. Àwọn ògbóǹtarìgì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ní àkókò náà sì ni òfin fi gbèdéke sí iye àjèjì tí ẹgbẹ́ kan lè lò. Ọdún 3 ni Adépọ̀jù fi wà ní ẹgbẹ́ kejì. Ó ń gbọ́ ariwo ilé ńlá láti yàrá ẹ̀gbẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni ìwọ ìbá ṣe? Ẹlòmíràn ìbá máa jókòó síbẹ̀ nítorí orúkọ Madrid tí ó dùn lẹ́nu. Ẹlòmíràn ìbá bínú padà wálé, kí ó máa ròyìn ìkà tí wọ́n ṣe sí i. Adépọ̀jù kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ní ọdún 1992, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Santander, ìlú kan ní etí òkun àríwá Spéènì, ó sì darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Racing tí ó wà ní ìpele kejì nígbà náà. Lójú aláìmọ̀kan, ìrẹ̀sílẹ̀ ni èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà náà parí ní 1993, Racing gòkè lọ sí ìpele àkọ́kọ́, Adépọ̀jù sì bá wọn gòkè. Báyìí ni ó ṣe wọ inú ilé tí a kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún un ní Madrid. Ó wà ní Santander títí di 1996, ó sì lọ sí Real Sociedad ní ìlú San Sebastián, níbi tí ó wà títí di ọdún 2000. Lẹ́yìn náà ni ó gbá bọ́ọ̀lù ní Salamanca, ní ilẹ̀ Tọ́kì àti ní erékùṣù Cyprus.

Ilé kò gbàgbé rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, òun náà kò sì gbàgbé ilé. Ó wà lára àwọn tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún Nàìjíríà ní Tùnísíà ní 1994, a sì mú un lọ sí ìdíje ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ní Amẹ́ríkà ní 1994, ní ilẹ̀ Faransé ní 1998, àti ní Kòríà òun Japan ní 2002. Nítorí pé ó mọ bí a ti ń fi orí kan bọ́ọ̀lù ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní "Hẹ́dímásítà". Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín orúkọ náà jù!

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1998, ní ìlú Nantes, Nàìjíríà pàdé Spéènì. Spéènì ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, a gbé bọ́ọ̀lù wá láti igun pápá, Adépọ̀jù fò sókè láàrin àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì fi orí kàn án wọlé. Ìyá ọ̀tá kì í ṣe wọ́n o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n. Nàìjíríà borí ní 3 sí 2 ní ọjọ́ náà. Góòlù tí Sunday Oliseh gbá láti òkèèrè ni a ń sọ títí di òní, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ti Adépọ̀jù kò bá kọ́kọ́ wọlé, ta ni ó mọ ibi tí ọjọ́ náà ìbá já sí?

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà tí ó pa dà sílé, ó bá wọn ṣe alákòóso ní Shooting Stars, ẹgbẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Spéènì pẹ̀lú sì sọ ọ́ di aṣojú líìgì wọn ní ilẹ̀ wa.

Má ṣe rò, nítorí ohun tí mo sọ yìí, pé ẹni tí kò lọ kò lè níyì. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí gan-an, ní Abẹ́òkúta, ni a bí Muda Lawal sí ní 1954. Àárín pápá ni òun náà ń dúró sí. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Shooting Stars tí ó gba ife àwọn aborí ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, irú èyí tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gbà rí ṣáájú ìgbà náà. Ó lọ sí ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀márùn-ún, láti 1976 dé 1984. Nígbà tí a sì borí Algeria ní 3 sí 0 ní Sùúrùlérè ní 1980, òun ni ó gbá ẹ̀kẹta wọlé. Ó kú ní 1991, ṣùgbọ́n pápá ìṣeré tí ó wà ní Àṣẹ́rò ní Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé ni ó ti gba gbogbo iyì yìí.

Nísinsìnyí, gbọ́ ìtàn kejì. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Sango, ọmọ ọdún 16, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára ní àárín pápá. Ọkùnrin kan wá, ó wọ aṣọ olówó iyebíye, ó ní òun yóò mú un lọ sí Yúróòpù, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ san owó ìwé. Ìyá ọmọ náà ń ta ẹ̀wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan. Kò ní ohun ìní kankan ju ilẹ̀ abọ̀ pulọ́ọ̀tì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Mo lọ bá a, mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí a wádìí ọkùnrin yìí ná." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Bí ọ̀nà bá ṣí fún ọmọ òtòṣì, a kì í ní kí ó dúró." Ó ta ilẹ̀ náà. Wọ́n gba Ìdí-Ìrókò kọjá lọ sí Kùtọnu, ọkùnrin náà sì fi ọmọ náà sí ilé èrò kan, ó gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Títí di òní, kò tíì dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, àwọn awakọ̀ tí wọ́n ṣàánú rẹ̀ ni wọ́n gbé e dé ibodè. Ohun tí ọmọ náà sọ fún mi ni pé, "Ẹ̀yin Tíṣà, ẹsẹ̀ mi kò kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Ẹlòmíràn ti kọ́lé sórí ilẹ̀ náà báyìí. Ìyá ṣì ń ta ẹ̀wà.

Fi ìtàn méjèèjì wé ara wọn. Nígbà tí Adépọ̀jù fi máa lọ, ó ti pé ọmọ ọdún 18, ẹgbẹ́ méjì ti rí iṣẹ́ rẹ̀ nílé, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ti gbé e lọ sí ìdíje tí gbogbo ayé ń wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó pe àwọn ará Madrid. Ọmọ Sango ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n owó ìyá rẹ̀ ni ó pe ẹni tí ó wá.

Mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí o sì sọ wọ́n fún àwọn òbí rẹ. Òfin FIFA kò gbà kí a mú agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí ẹgbẹ́ ní òmíràn, àyàfi nítorí àwọn ìdí díẹ̀ tí òfin náà kà sílẹ̀. Alágbàṣe tòótọ́ a máa ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ FIFA; nínú owó tí iṣẹ́ bá mú wá ni a ti ń san tirẹ̀. Nígbà tí a bá sì ra agbábọ́ọ̀lù láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, ìdá 5 nínú 100 owó náà ni a ń pín fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ dàgbà láti ọmọ ọdún 12 dé 23. Ìwọ wò ó: ẹni tí ó fẹ́ ọ ní í sanwó. Bí ẹnì kan bá ní kí ìyá rẹ ta ilẹ̀ kí òun tó wo ẹsẹ̀ rẹ, ilẹ̀ ni ó ń wò.

Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù nìkan ni mo ń bá wí. Ìwọ tí ń kọ́ iṣẹ́ irin jíjó, ìwọ tí ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ìwọ tí ìwé ń yé, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ pẹ̀lú. Mọ iṣẹ́ náà nílé débi tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi jẹ́rìí rẹ. Bí a bá fi ọ́ sí ẹgbẹ́ kejì, ṣe é bí ẹni pé òun ni àkọ́kọ́. Bí ilẹ̀kùn kan bá sì kọ̀ tí kò ṣí, má ṣe tijú láti lọ sí ilé kékeré kí o sì bá àwọn ará ibẹ̀ gòkè. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Bí ọ̀nà bá ṣí, máa lọ, kí orí rẹ sìn ọ́ lọ, kí ó sì sìn ọ́ bọ̀. Bí kò bá sì tíì ṣí, iṣẹ́ ṣì wà láti ṣe lórí pápá ilé.