Èéfín ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò padà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní Alábà Rago tàbí Okokomaiko, ẹ má tíì pariwo tí ẹ bá rí èéfín. Ọ́ìlì tí wọ́n fi pa ara pístìnì, àti èyí tó ti wà nínú sàlẹ́ńsà tẹ́lẹ̀, gbọ́dọ̀ jó tán ná.

Tí ọkọ̀ náà bá ti rìn dáadáa lójú títì Badagry, tí èéfín búlúù ò sì dáwọ́ dúró, ẹ wo ìgbà tó ń yọ. Tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i, sílì fáàfù ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹná mọ́ ọn, ríìngì ni: bóyá wọ́n tiẹ̀ dorí ẹ̀ kodò. Èéfín funfun tí kì í tán, tí omi rádíétọ̀ sì ń dín kù? Gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni; ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láì wọn kọ̀ǹpréṣọ̀n. Tó bá kéré, ẹ ní kí wọ́n ro ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n tún un wọ̀n. Tó bá gbéra sókè, ríìngì ló ń jò. Tí ò bá yí padà, fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó iṣẹ́ kejì kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n lójú yín.