Mo Kùn Nítorí Wákàtí Kan

Ẹni tó bá jẹ̀bi tí kò jẹ́wọ́, ọkàn rẹ̀ kì yóò jẹ́ kó sinmi. Èmi olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọdé ní ìmọ́tótó, ojú tì mí ní ilé ìwòsàn lọ́dún tó kọjá.

Inú ń run ìyá mi, oúnjẹ kì í sì í dúró níkùn wọn. Dókítà ní kí a fi endoscope wo inú wọn. Ẹ̀rọ yìí dà bí okùn rọ́bà gígùn. Iná wà ní ṣónṣó rẹ̀, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba inú rẹ̀ já. Ọ̀fun ni wọ́n ń gbà tì í wọ ikùn.

Ìyá mi kò tíì fẹnu kan nǹkan láti alẹ́ àná. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì ní kí a dúró, wọ́n ń fọ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. A dúró tó wákàtí kan. Inú bí mi. Mo ní, “Sisí, ṣé aṣọ ìyàwó ni ẹ ń fọ̀ ni? Ẹ fi omi ṣàn án, kí ẹ dá ìyá àgbà yìí lóhùn!” Mo tilẹ̀ dárúkọ ọ̀gá kan tí mo mọ̀ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kò bá mi jà. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ojú yín rí i.” Ó mú mi dé ojú fèrèsé yàrá ìfọ̀. Ọkùnrin kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gún inú ihò náà lọ bọ̀. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n bá ti yọ ọ́ lára aláìsàn ni fífọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ̀jẹ̀ àti ikun bá gbẹ mọ́ ọn, abẹ́ rẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń sá sí, oògùn kò sì ní lè bá a níbẹ̀. A kò lè sè é bí a ti ń se abẹ. Ooru yóò bà á jẹ́. Lẹ́yìn ọṣẹ ni oògùn apakòkòrò, fún iye ìṣẹ́jú tí a là sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi mímọ́. Wọn yóò wá gbẹ ẹ́ dáadáa, nítorí inú ọ̀rinrin ni kòkòrò ti ń bí sí i.

Nígbà tí mo délé, mo ka nípa ilé ìwòsàn kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ní 2015, wọ́n kéde pé aláìsàn 7 kó kòkòrò tí ọ̀pọ̀ oògùn kò ràn lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà òróòro. Àrùn náà lọ́wọ́ nínú ikú 2 nínú wọn. Wọ́n sì ránṣẹ́ kìlọ̀ fún ènìyàn 179. Ilé ìwòsàn náà ní àwọn fọ̀ ọ́ bí àwọn tó ṣe é ti wí. Ṣùgbọ́n kọ́lọ́fín ṣónṣó rẹ̀ ṣòro láti fọ̀. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà gba àwọn ilé ìwòsàn níyànjú pé kí wọ́n yí sí irú èyí tó ní ẹ̀yà tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù. Bí ti àwọn tó fọ̀ ọ́ bá rí báyìí, kí ni ti ẹni tó ní kí wọ́n fi omi ṣàn án fún ìyá òun?

Egbò ni wọ́n bá nínú ikùn ìyá mi. Wọ́n lo oògùn, ara wọn sì yá. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ìwọ tí o máa ń ní kí n fọ ife lẹ́ẹ̀mejì!” Mo padà lọ bẹ nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin ará, bí ọ̀ràn yìí bá kàn yín, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè bí wọ́n ti fọ ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.