Ọkà Èrò Ọ̀nà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ fa ẹní yẹn wá kí ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ abúlé wa ni mo fẹ́ bá yín sọ, abúlé tó wà lẹ́yìn Mọníyà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí ẹ̀yin ń gun ọ̀kadà kọjá lónìí láìmọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, torí pé ilé ti so mọ́ ilé láti Ojóò títí débẹ̀, igbó tí a fi ń mọ̀ pé a ti kúrò ní ibì kan, a kò sì tí ì dé ibòmíràn, kò sí mọ́.

Àwọn baba wa kò ti ọ̀run rọ̀ síbẹ̀. Inú Ìbàdàn ni agboolé wa wà. Nígbà tí ogun Kírìjì tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó ti ń fi idà jẹun ló wá gbé ọkọ́, wọ́n ta ká inú igbó tó yí ìlú po, ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ sí ilẹ̀ tirẹ̀, wọ́n pàgọ́, àgọ́ di ahéré, ahéré di abúlé. Ní 1906, ọ̀nà mọ́tò la ibẹ̀ kọjá láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìyá àgbà mi a máa sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdébìnrin, bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tọmọdé tàgbà a fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tò sẹ́bàá ọ̀nà, eruku pupa á bò wọ́n, wọn á sì máa juwọ́ sí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

Síbẹ̀síbẹ̀, oko la ń pe ibẹ̀. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ síbẹ̀, bí mo bá sọ pé mò ń lọ sílé, agboolé wa nínú Ìbàdàn ni mò ń wí. Bí Iléyá bá dé, tàbí ọdún Òkèbàdàn, abúlé á dá wáí, ewúrẹ́ nìkan ni yóò kù tí yóò máa dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àwọn olówó wọn. Bí àgbà bá sì fọwọ́ rọrí níbẹ̀, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ sin. Ẹsẹ̀ wa kan wà lóko, ọ̀kan wà nílé, kò sì sí èyí tó rọ nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrọ̀lẹ́ fún yín. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ni ìyá àgbà ń sá èlùbọ́ sí, àpáta náà a sì máa gba oòrùn pamọ́ dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tó bẹ́ẹ̀ tí àwa ọmọdé fi ń dojú ikùn dé e lásìkò ọyẹ́ láti yá ooru. Bí omi bá hó, ìyá àgbà á ku èlùbọ́ sí i, yóò fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ìkòkò, yóò gbá orógùn mú, yóò ro ọkà náà títí òógùn yóò fi máa kán láti àgbọ̀n rẹ̀. Gbẹ̀gìrì ti wà nílẹ̀, a sì ti fi ìjábẹ̀ ja ewédú. Nígbà náà ni yóò mú ìgbákọ, yóò máa bu ọkà ní ìṣù ìṣù sórí ewé eéran, ti bàbá àgbà ló tóbi jù, tiwa kéékèèké, ooru á máa ru gùdù, ewé á máa ta sánsán bí ọkà gbígbóná bá ti kàn án. Kò ní bi ẹnikẹ́ni pé èèyàn mélòó ló wà nílé. Ó mọ̀. Ìṣù kan ni yóò máa kù lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti mú tiwa, èyí jẹ́ ti èrò ọ̀nà, torí pé bọ́lẹ̀kájà kì í yé bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ lóru. Bó bá ku méjì, yóò wo ojú wa yíká, yóò dárúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹnì kan á sì gbé fìtílà lọ wá a létí odò.

Nígbà ọyẹ́ 1952, ní oṣù Ọ̀pẹ, ìjọba gbé ètò ìkànìyàn dé ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bàbá àgbà àti àwọn bàbá mi ti gba ilé lọ kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ agboolé, torí ta ni ó fẹ́ kí wọ́n ka òun sí oko? Iye tí wọ́n kà nínú ìlú Ìbàdàn jẹ́ 459,196, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé àwọn baba mi wà níbẹ̀. Àwa tó kù sóko, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ki lẹ́ẹ̀dì bọ etí ló wá bá wa nídìí àdògán.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé yìí?"

Ìyá àgbà kò gbójú sókè. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Jókòó, kí o jẹun."

Ó jókòó. Bí ìyá ti ń bu ọkà ni mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́, ìṣù kan, ìṣù kejì, títí dé èyí tó kẹ́yìn, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni ìyá wá gbé ìṣù tó kẹ́yìn yẹn fún un. Bí kò bá yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó kọ, a jẹ́ pé ìjọba ka èrò ọ̀nà mọ́ ọmọ abúlé wa, lójú tèmi, ó sì ṣe rere.

Ní 1967 ni wọ́n dá IITA sílẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà, àwọn abúlé tó wà nínú ilẹ̀ náà sì ṣí kúrò. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe lórí ẹ̀gẹ́ àti iṣu àti àgbàdo, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Igbó ti hù padà sí apá kan ibẹ̀, ẹyẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀, títí kan irú ẹ̀gà kan tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ìhà tiwa yìí. Inú mi a dùn bí mo bá gbọ́ ọ, ọkàn mi a sì tún fà sẹ́yìn, torí mo mọ àwọn tí ìdí àdògán wọn wà lábẹ́ igi wọ̀nyẹn.

Ní 1976 wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé sílẹ̀, wọ́n fi Mọníyà ṣe olú rẹ̀. Akọ̀wé dé, olùkọ́ dé, ẹni tó ń ra ilẹ̀ dé, nígbà tí ìkànìyàn 2006 sì fi wáyé, èèyàn tó wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà ti ju 200,000 lọ. Wọ́n ti fọ́ àpáta ìyá àgbà, òkúta rẹ̀ ló wà nínú ìpìlẹ̀ ilé àwọn ẹlòmíràn. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń sáré 157 kìlómítà láti Èkó wá sọ èrò kalẹ̀ ní Mọníyà, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè. Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan, ó lẹ́wà, ó mọ́ tónítóní. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń wo èrò ọ̀nà bí wọ́n ti ń fa àpótí wọn jáde lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, tí wọ́n ń bá onítakisí ná owó, mo sì ń ronú pé ilẹ̀ ń ṣú lọ, kò sì sí ẹnì kan ní gbogbo Mọníyà tó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, màmá yín, ọmọ dáadáa tó mọ ọkà rò, yọjú láti ìdáná.

"Bàbá, èèyàn mélòó ló máa jẹun lálẹ́ yìí?"

Mo fi ìka ka gbogbo yín, mo ní mẹ́fà ni wá. Mẹ́fà gẹ́lẹ́ ló bù. A jẹ ẹ́ tán, kò sí èyí tó kù.