Máàkì Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Fẹ́ Gbà

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń máàkì ìwé ìdánwò, n kò sì tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀ mí pé kí n dín máàkì òun kù. Síbẹ̀, ìdánwò kan wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó gba òdo nínú rẹ̀ ni ó yege jù lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni mo ti bá a pàdé, nígbà tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó lè tún ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe.

Nínú ẹbí wa, ọkàn ni gbogbo wa ń bẹ̀rù fún. Kò sí ẹni tí ó ronú kan kíndìnrín. Dókítà ni ó là wá lójú. Kíndìnrín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ni ó ń gba inú wọn kọjá. Bí wọ́n bá dá ọkàn dúró láti tún un ṣe, ẹ̀rọ ni yóò máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ẹ̀rọ náà ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é bí ọkàn ti ń ṣe é gan-an. Bí aláìsàn bá ṣe pẹ́ lórí rẹ̀ tó ni ewu kíndìnrín ń pọ̀ tó.

Ní ọdún 2005, àwọn oníṣègùn ní Cleveland, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò kan jáde tí a fi lè mọ̀, kí abẹ tó kan ara, bí ó ti ṣeé ṣe tó kí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, kí ó di pé ẹ̀rọ ní ń fọ ẹ̀jẹ̀. Máàkì 17 ni gbogbo rẹ̀. Ọkàn tí agbára rẹ̀ ti dín kù gba 1. Àtọ̀gbẹ tí ó ti di ti abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì gba 1. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti pẹ́ lára gba 1. Iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì gba 2. Ìdọ̀tí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní creatinine, tí kíndìnrín ń gbọ́n dànù. Bí ó bá ti dé 2.1, máàkì 5 ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ìbéèrè mìíràn tí máàkì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo mú bírò, mo ṣírò ti ẹ̀gbọ́n mi. Creatinine wọn jẹ́ 1.6: 2. Ilẹ̀kùn ọkàn nìkan ni wọn yóò tún ṣe: 1. Agbára ọkàn wọn ti dín kù: 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Nínú àwọn tí ó gba 3 sí 5, nǹkan bí ènìyàn 2 nínú 100 ni ó nílò ẹ̀rọ. Láti 9 lọ sókè, wọ́n lé ní 20.

Dókítà ní kí a dúró fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí oògùn tí wọ́n fi ya fọ́tò òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn lè ni kíndìnrín lára. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi jáwọ́ nínú oògùn ìrora orúnkún àti àgbo tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Inú bí aya wọn: “Ẹni tí kò lè mí dáadáa, ẹ tún ní kí ó dúró?” Mo ní, “Ìyàwó wa, ẹ fara balẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Ìdúró méjì ni ó wà: èyí tí dókítà pa láṣẹ ń dín máàkì kù, èyí tí ìbẹ̀rù ń pa láṣẹ a máa sọ iṣẹ́ abẹ di pàjáwìrì.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wákàtí wákàtí ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn ìtọ̀ wọn. Ní ọjọ́ kejì, creatinine gòkè dé 2.0, bẹ́ẹ̀ ni ìgòkè 0.3 láàrin ọjọ́ méjì ti tó kí á pè é ní ìpalára. Kò sí ẹni tí ó sùn nínú wa. Ní ọjọ́ keje, ó ti padà sí 1.6.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìbéèrè tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù lọ, kì í ṣe orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni a ti ń dáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, kí á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wa wò nígbà tí ara ṣì le. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun.