Ọjọ́ Tí A Kọ̀ Láti Gbé Jẹnẹrétọ̀ Ilé Ọlọ́run

Àwa mẹ́ta la jọ ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wa ló ń wa kíréènì, ọ̀kan ló ń so ẹrù mọ́ ìkọ́ rẹ̀, ọ̀kan yòókù ló ń dúró nílẹ̀ tí ó ń fọwọ́ júwe fún ẹni tó wà lókè. Ìjọ kan náà la ń lọ, iṣẹ́ kan náà la sì ti jọ ń ṣe láti ọdún pípẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti pàdé wa lójú ọ̀nà, tí ẹ ń fun fèrè mọ́ wa lẹ́yìn pé kí a sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú sùúrù fún wa. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ kí a tó dákẹ́.

Ohun tó mú wa kọ̀wé ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọ wa ra jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi dá owó rẹ̀. Àwọn ìyá kan wà tó jẹ́ pé owó àjọ wọn ni wọ́n kó sílẹ̀. Nígbà tí tírélà gbé e dé ní ọjọ́ Sátidé kan, ìlù ń dún, ijó ń lọ, àwọn alàgbà sì ti bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà pé kí a mú kíréènì wá láìgba kọ́bọ̀. Ìsìn ìdúpẹ́ rẹ̀ ti wà fún ọjọ́ kejì, wọ́n ti tẹ ìwé ìpè, wọ́n sì ti pín in. Ohun tó kù kò ju pé kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, kí a gbé e kọjá lórí odi ọgbà, kí a sì gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ti da kọnkéré dè é.

Kí a tó ṣe ohunkóhun, a kọ́kọ́ rìn yí ibẹ̀ ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. A fi téèpù wọn ọ̀nà tó wà láàárín ibi tí kíréènì máa dúró sí àti ibi tí ẹrù ń lọ. Ó jẹ́ mítà 18. Inú wa kò dùn sí i rárá.

Kíréènì wa jẹ́ ti tọ́ọ̀nù 25, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé ohunkóhun tí kò bá ti tó tọ́ọ̀nù 25, á gbé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹrù bá wà nítòsí rẹ̀ gan-an, bíi mítà 3 sí àárín ibi tó ti ń yí, ló tó lè gbé iye yẹn. Bí ó bá ṣe ń na apá rẹ̀ jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Ẹ gbé garawa omi kan mọ́ àyà yín, kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ wá na apá yín gbọọrọ, kí ẹ fi gbé garawa kan náà. Omi kò lé sí i, ṣùgbọ́n yóò fẹ́ fà yín ṣubú síwájú. Ìwé kan wà nínú kíréènì wa, tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ mọ́ ọn, tó sọ iye tí a lè gbé ní ibi tó jìnnà tó báyìí tàbí tó báyẹn. Ní mítà 18, tọ́ọ̀nù 2 ó lé díẹ̀ ni ìwé náà gbà wá láyè. Jẹnẹrétọ̀ yìí jẹ́ tọ́ọ̀nù 4. A kò tíì ka ìkọ́ àti okùn tí a fi ń gbé ẹrù, tí àwọn náà lé ní kílò 300, tí ìwé sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹrù.

Èkejì ni wáyà iná. Ti fóltì 11,000 ló gba orí odi náà kọjá, irin lásán tí kò ní rọ́bà lára. Iná irú èyí kì í dúró dìgbà tí irin bá kàn án. Bí irin bá ti sún mọ́ ọn jù, ó lè fò bá a. Àwa kì í jẹ́ kí apá kíréènì, wáyà rẹ̀ tàbí ẹrù tó gbé sún mọ́ ọn ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, bí a kò bá sì mọ agbára iná náà, a ó fi ẹsẹ̀ bàtà 20 sílẹ̀. Ẹ bá wa sọ èyí fún àwọn ọmọ yín pẹ̀lú: bí wọ́n bá rí kíréènì tàbí típà tó fara kọ́ wáyà iná, kí wọ́n má ṣe sáré lọ ran awakọ̀ lọ́wọ́. Ilẹ̀ tó yí i ká pàápàá ti ní iná nínú. Kí awakọ̀ jókòó síbi tó wà títí wọn yóò fi pa iná ọ̀hún. Àfi bí ọkọ̀ bá ń jó nìkan ni kí ó fò sílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, láì tún fọwọ́ kan ọkọ̀, kí ó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ láì ya ẹsẹ̀ sí méjì.

Ilẹ̀ ló ṣìkẹta. Nígbà tí kíréènì bá ń ṣiṣẹ́, kì í dúró lórí táyà. Ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ló ń yọ síta tó ń gbé e dúró. Bí ó bá yí ẹrù sí apá kan, ẹsẹ̀ apá ibẹ̀ ló ń ru èyí tó pọ̀ jù. Níbi tí wọ́n ní kí a gbé ẹsẹ̀ òsì sí, a fi irin gún ilẹ̀, ó sì wọlé tìrìn. Màmá tó ń gbá ọgbà ìjọ ló sọ fún wa pé sókàwéè àtijọ́ ni wọ́n dí pa níbẹ̀.

A lọ bá àwọn alàgbà, a sọ fún wọn pé a kò ní í lè gbé e. Ìlù dákẹ́. Alàgbà kan tí àwa náà ń bọ̀wọ̀ fún gidigidi wò wá, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo ni ìgbàgbọ́ yín wà? Ọlọ́run tó ń jí òkú, ṣé jẹnẹrétọ̀ ló máa wá ṣòro fún un? Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà, kí ẹ gbé e jàre." Àwọn ènìyàn ké Àmín. Ìtìjú bò wá. Kí a sòótọ́, ọ̀kan nínú wa ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá bí a bá rọra fà á.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé a ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2006, níbi iṣẹ́ kan, ọ̀gá ibẹ̀ ń kánjú, ó ní kí a gbé òpó kọnkéré kan kí ilẹ̀ tó ṣú. A ti gbàdúrà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, a sì gbà á dáadáa. Ohun tí a kò ṣe ni kí a wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kíréènì kan rì. Kíréènì kò wó, ṣùgbọ́n òpó náà fì, ó sì ká ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa mọ́ ara ògiri. Ọmọ ọdún 19 ni. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lábẹ́ orúnkún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò sunkún lójú wa. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi wá: "Ṣé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀?" A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Wọn kò sọ nǹkan mìíràn.

Pásítọ̀ pè wá wọ yàrá wọn, a sì sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá rán wa létí bí Èṣù ṣe mú Olúwa wa dé ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, tó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, pé àwọn áńgẹ́lì á gbé e, àti bí Olúwa ṣe kọ̀ fún un. Wọ́n tún ní nínú òfin Mósè, ẹni tó bá kọ́lé tuntun gbọ́dọ̀ mọ odi yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sì wá sórí ilé náà. Wọ́n jáde, wọ́n sì sún ìsìn ìdúpẹ́ síwájú. Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ló dùn. Akápò ìjọ fúnra rẹ̀ kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a kò sì bá a wí.

Ní ọjọ́ náà, a kàn sọ jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀ lórí pákó ní ibi tó sún mọ́ wa, tí wáyà kò sí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń sùn tì í lóru. Lẹ́yìn náà, wọ́n wó odi ọgbà díẹ̀ kí kíréènì lè wọlé, iléeṣẹ́ mànàmáná bá wa pa iná ojú ọ̀nà yẹn fún wákàtí méjì, a sì tẹ́ pákó nínípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tó jìnnà sí sókàwéè. Mítà 7 ló wá kù. A gbé ẹrù kúrò nílẹ̀ díẹ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, a dúró, a wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a wo okùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń júwe, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá na ọwọ́ pé kí a dúró, a ó dúró. Kò sẹ́ni tó gba abẹ́ ẹrù kọjá. Kò gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀nà ilé ló wá kù, òun ló sì jẹ mọ́ fèrè tí ẹ ń fun. Kíréènì yìí wúwo tó tọ́ọ̀nù 29, kò sì lè dúró lójijì bíi mọ́tò kékeré. Bí ó bá fi eré wọ kọ́nà, ó lè dojú dé láì gbé ẹrù kankan. Apá rẹ̀ yọ síwájú kọjá ojú awakọ̀, nítorí náà ọlọ́kadà tó bá já wọ abẹ́ rẹ̀ ní gosiló, awakọ̀ lè má rí i. Kí a tó kúrò, a ń tẹ́ apá sílẹ̀, a ń so ìkọ́ mọ́lẹ̀ kí ó má baà máa fì, a sì ń ti gbogbo ẹsẹ̀ wọlé, a ń fi irin há wọn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó bá yọ síta lórí eré lè gbá gbogbo èrò ibùdókọ̀ lọ. A mọ gíga rẹ̀ sórí kí a tó wọ abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ èyíkéyìí. A kì í sì í gbé èrò, ẹ má bínú, ìyá ìjọ pàápàá.

Bí a bá dé àgbàlá, títẹ́ ni apá náà ń wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ìjì wó kíréènì ńlá kan lulẹ̀ sínú Mọ́sálásí Ńlá ní Mẹ́kà, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Kò sẹ́rù lọ́wọ́ rẹ̀, apá rẹ̀ ni wọ́n gbé sókè sílẹ̀. Ẹ̀sìn wọn kọ́ là ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wá wọ egungun.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa ọjọ́sí ti di bàbá ọmọ méjì báyìí. Òun ló ń tọ́jú ìwé iṣẹ́ ní àgbàlá wa, òun ló sì ń ti géètì. Ní alaalẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ wá tó, ó máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan ẹsẹ̀ kíréènì lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbójú sókè wo apá, á sì bi wá pé ta ló wo ilẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá wò ó nínú wa ló ń fọwọ́ sí ìwé.