Ẹ Jẹ́ Kí Ìdòwú Dúró Ná

Leeds, Ìlú Ọba

Bàbá Ìbejì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù: pé àwọn ìbejì yóò pé ọdún kan lóṣù tó ń bọ̀, pé Màmá àti Àǹtí Mọ́kọ́lá ní àsìkò ti tó láti bí Ìdòwú, àti pé ẹ̀yin méjèèjì ti gbà. Ní ti owó, o ní ẹ ó yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ rẹ, Ìyá Ìbejì yóò máa dọ́gbọ́n sí ọjà rẹ̀ ní Gbági, èmi náà yóò sì fi nǹkan kún ohun tí mò ń fi ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí ẹ béèrè ti wà nínú ẹrù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yòókù ni mo fẹ́ sọ. Má bínú pé ó gùn. Ẹni tí kò sí nílé láti bá yín pọn ọmọ, ẹnu nìkan ló kù fún un.

Nínú gbogbo ìṣirò yẹn, ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ ń kà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Obìnrin tó ti bí ìbejì tí wọ́n jẹ́ ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè tún bí ìbejì ju obìnrin mìíràn lọ, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá sì ṣe ń gòkè ni ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ sí i. Ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin ni tiyín, irú ìbejì yẹn sì ni wọ́n láìṣe àní-àní. Ẹ tún wo ibi tí Ìyá Ìbejì ti ṣẹ̀. Dókítà Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ìbí ní Igbó-Ọrà láyé àtijọ́, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbí, èyí tó jẹ́ ìbejì lé ní 40. Kárí ayé lónìí, bí 12 ni. Ohun yòówù kó fà á, ọbẹ̀ ilasa ni o, ẹ̀jẹ̀ ni o, ọmọ Igbó-Ọrà ni ìyá tó bí Ìyá Ìbejì. Mi ò sọ pé méjì ni yóò jẹ́ dandan. Ọ̀kan ló ṣeé ṣe jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi owó ẹlòmíràn bímọ kò lè ṣírò èyí tó rọrùn nìkan. Bó bá di méjì, wọ́n lè tètè dé kí oṣù wọn tó pé, ó lè di iṣẹ́ abẹ, ó lè di ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ẹ̀rọ amóoru ní ọsibítù, àpò yín ni gbogbo rẹ̀ yóò sì ti jáde. Páńpásì àti mílíìkì yóò di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kan náà tí Ìyá Ìbejì kò ní lè dé Gbági mọ́. Ọmọ mẹ́rin tí èyí tó dàgbà jù kò tíì pé ọdún mẹ́ta! Alájẹṣẹ́kù ní tiwọn yóò ti yọ owó wọn kí owó oṣù rẹ tó kàn ọ́ lọ́wọ́.

O lè ní ṣebí èmi wà níhìn-ín, pé bí náírà bá tilẹ̀ ń já, pọ́n-ùn mi ń pọ̀ sí i. Rò ó wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ bí 460 náírà lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí, ó ti kọjá 1,500. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n agolo mílíìkì náà bá a lọ, nítorí òkè òkun ni òun náà ti ń wá. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé físà mi so mọ́ ẹni tó gbà mí síṣẹ́. Bí ìjọba ibí bá gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba àjèjì síṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, 60 ọjọ́ péré ni wọ́n sábà máa ń fún irú wa láti rí ẹlòmíràn tàbí ká kó ẹrù wa. Ẹsẹ̀ kan ni ẹ fẹ́ gbé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà lé. Ó máa ń dùn mí pé ìwọ̀nba ni mo lè ṣe, síbẹ̀ mi ò ní ṣèlérí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ mi.

Mo mọ ohun tí Màmá yóò sọ: òun bí méje, kò sí èyí tó sùn síta. Òótọ́ ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Màmá àti Bàbá nìkan ló tọ́ wa. Láti ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Lẹ́yìn náà, láti 1979, ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ ti sẹ́kọ́ńdìrì náà di ọ̀fẹ́ ní Ọ̀yọ́. Oko kòkó wà, agbo ilé kún fún ọwọ́ tó ń gba ọmọ. Nígbà tí gbogbo ìyẹn dáwọ́ dúró, ta ló san án? Ẹ mọ ìdí tí Bùọ̀dá Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n wa tó san án, kì í fi í jókòó pẹ́ nílé Màmá títí dòní. Ọmọ tí òbí kò múra sílẹ̀ fún, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sanwó rẹ̀, àwọn Táyé àti Kẹ́hìndé ló sì kàn báyìí. Ẹni tó bá sọ pé ọmọ á mú ìpín tirẹ̀ wá, ẹ bi í pé nínú ìpín ta ni yóò ti jẹun kí tirẹ̀ tó dé.

Ó wá ku ti Àǹtí Mọ́kọ́lá, pé ìyá ìbejì tí kò bá bí Ìdòwú, orí rẹ̀ á dàrú. Àìsàn ọpọlọ máa ń dé bá àwọn obìnrin kan lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù Arò, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìbí Ìdòwú ló ń fà á. Ìbí mìíràn kì í sì í wò ó sàn. Ẹni tí ó ti ṣe rí, ó lè tún ṣe é lẹ́yìn ìbí tó tẹ̀ lé e. Bí a bá ń bẹ̀rù fún orí Ìyá Ìbejì, àìsùn, gbèsè àti ọmọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ni kí a bẹ̀rù. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ní kí obìnrin fi ọdún méjì, ó kéré tán, sáàárín ìbí kan àti oyún mìíràn.

Mi ò sọ pé kí ẹ má bí Ìdòwú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì pé ọdún mẹ́ta, kí ẹ ti ní owó tí yóò tó ọmọ méjì nípamọ́, owó tiyín, láìsí tèmi níbẹ̀, kí ẹ sì ti wọ ètò adójútòfò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀. Títí dìgbà náà, ẹ lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì fún ìfètòsọ́mọbíbí lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé alájẹṣẹ́kù kankan. Èmi fúnra mi ni n ó bá Màmá sọ ọ́. Ẹ bá mi gbé fóònù fún wọn lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí Àǹtí Mọ́kọ́lá má sì sí nítòsí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ