Ìgò Òróró Efinrin Tí Mo Gbé Lọ Sílé

Ẹnu mi ló kó bá mi. Orí fóònù ni mo ti fọ́nnu fún Màmá pé òróró efinrin tí mo ń sè jáde ní láàbù lè pa kòkòrò flu. Wọ́n ní, "Ṣé ìgbà yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú pírójẹ́ẹ̀tì yìí mọ ìyà tó wà níbẹ̀. A ó já ewé, a ó sè é pẹ̀lú omi, ooru á gbé òróró gòkè, bó bá tutù, òróró á léfòó sórí omi. Ìlàjì kílò ewé, òróró tí mo rí kò kún ṣíbí tíì kan. Mo rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, mo gbé e lọ sílé nígbà ìsinmi.

Mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nílé, ọmọ ọdún méjì, ó ń húkọ́, ara rẹ̀ gbóná. Kí n tó wẹ̀ tán, Màmá ti ṣí ìgò mi, wọ́n fẹ́ kán an sọ́mọ lẹ́nu. Mo pariwo. Wọ́n wò mí: "Ṣebí ìwọ lo ní ó ń pa á?"

Òótọ́ ni mo sọ, mi ò kàn sọ ọ́ tán ni. Awọ ọ̀rá ló bo fáírọ́ọ̀sì influenza, òróró ewé sì lè ba irú awọ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Wọ́n ti dán òróró tea tree wò, ó dí fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ láti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú sínú àwo ni o, kì í ṣe ọ̀fun ọmọ. Sẹ́ẹ̀lì tiwa náà ní awọ ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ wá ìwọ̀n òróró tí kò ní pa sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n tó gbé fáírọ́ọ̀sì dé. Òróró eucalyptus tí àwa kan ń kán sínú omi gbígbóná ńkọ́? Bí ọmọdé bá gbé e mì, gìrì lè mú un.

Ìkòkò àgbo tí mo máa ń fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi ni mo fún agbára odidi apẹ̀rẹ̀ ewé sínú ìgò kan, tí mi ò sì kọ nǹkan kan sí i lára.

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ara rẹ̀ ti yá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Màmá pè, wọ́n bi mí bóyá mo ti mọ ìwọ̀n tí kò lè pa ọmọ lára. Mo ní rárá.

Wọ́n ní, "Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀? Padà sí láàbù, jàre."